Ọwọ́ Ọmọ Nínú Ìnáwó Ilé
Àsọyé tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní Agodi, Ìbàdàn

Ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ń da ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé láàmú ní Ìbàdàn lónìí, ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ sọ lójú agbo: èyí nì ni ìpín tí ó tọ́ kí ọmọ tí ó ti ń gba owó oṣù, tí ó sì ń gbé lábẹ́ òrùlé bàbá àti ìyá rẹ̀, máa mú wá fún ìnáwó ilé. N kò wá láti dá ọmọ lẹ́bi fún òbí, bẹ́ẹ̀ ni n kò wá láti dá òbí lẹ́bi fún ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àwọn bàbá wa ní ìwọ̀n kan fún ọ̀ràn yìí, pé ìwọ̀n náà ti fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àti pé ó yẹ kí a tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Nígbà tí iṣẹ́ oko jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ilé, kò sí ọmọkùnrin tí ń béèrè pé, “Èló ni kí n mú wá?” Ní ọ̀pọ̀ agbo-ilé, láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ àtàrí, oko bàbá ni ọmọ wà. Nígbà tí ọjọ́ bá rọ̀, a lọ sí ilẹ̀ díẹ̀ tí bàbá ti yà sọ́tọ̀ fún un, ohun tí ó bá sì kó níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Láti inú oko bàbá ni gbogbo ilé ti ń jẹun. Láti inú rẹ̀ náà ni bàbá ti ń wá owó ìdána nígbà tí ọmọ bá tó ìyàwó í gbé. Ọmọbìnrin pẹ̀lú a máa bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́, ì báà ṣe ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà, ì báà ṣe aṣọ ni wọ́n ń rẹ láró. Ìyá a sì máa fi owó díẹ̀ lé e lọ́wọ́ kí ó lè fi bẹ̀rẹ̀ òwò ti ara rẹ̀. Ẹ kíyè sí nǹkan méjì níbẹ̀. Èkíní, ìpín ilé ni ó ṣáájú. Èkejì, ọmọ kò lọ lọ́wọ́ òfo. Oòrùn ni ó sì ń ṣe ẹlẹ́rìí láàrin wọn: bàbá rí i, ọmọ rí i, kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

N kò sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Ìgbà kan wà tí bàbá tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, tí ọmọ náà yóò sì máa fi agbára rẹ̀ sin owó tí kì í ṣe òun ni ó jẹ ẹ́. A ti kúrò nínú àṣà náà; kí a má ṣe gba ẹ̀yìnkùlé padà sínú rẹ̀.

Kí ni ó wá fọ́ ìwọ̀n náà? Ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oṣù ni. Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ni mo fi ń jẹun. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ì bá wà ní oko bàbá wọn gbé ìwé kọ́ èjìká. Nígbà tí ó ṣe, àwọn kan nínú wọn di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó wà ní Agodi níhìn-ín, àwọn kan di nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá UCH tí a ṣí ní 1957, àwọn mìíràn di olùkọ́. Rere ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n owó oṣù kò dà bí ebè tí a kọ. Bàbá kò lè dúró lórí oko kí ó wò ó. Nígbà kan, inú àpòòwé ni ó ń wà. Lónìí, orí fóònù ni ó ń gbà wọlé. Bàbá àti ọmọ lè jókòó pọ̀ sórí àga kan, kí owó wọlé, kí ó sì tún jáde, kí bàbá má mọ̀. Ẹlẹ́rìí ti kúrò láàrin wọn.

Ẹ tún wo ìnira ìsinsìnyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, a kéde pé ìjọba kò ní san owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróò mọ́. Jálá tí a ń gbọ́ ká sílẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti jálá, lítà kan ṣoṣo tí kò tó ₦200 ní ilé epo ìjọba di nǹkan bí ₦500 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní oṣù Keje ọdún 2024, òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000, láti orí ₦30,000 ti ọdún 2019. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tirẹ̀ mú ₦80,000. Ọ̀dọ́ tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ yóò wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, yóò jẹun ọ̀sán, onílé yóò sì ní kí ó san owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tún fi ti alágbàtà lé e. Nítorí náà, kì í ṣe ìtìjú pé ọmọ ọdún 27 ṣì wà ní ilé bàbá rẹ̀. Ohun ìtìjú ni kí ó máa jẹun níbẹ̀ bí àlejò.

Mo ti ṣe irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di olùkọ́, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ilé bàbá mi ní Bẹẹrẹ ni mo ń gbé. Mo ra bàtà, mo ra rédíò, mo sì ń fi owó pamọ́ fún alùpùpù. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé bí kò ti sọ̀rọ̀, kò fẹ́ nǹkan ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ ohùn ìyá tí ń ta gàrí: “Ìyá Olùkọ́, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èyí o. Àbí Olùkọ́ kò tíì gbowó ni?” Ìyá mi dáhùn pé, “Kò tíì gbà á.” Ọjọ́ kẹwàá nìyẹn tí mo ti gbà á. Ìyá mi, tí kì í purọ́, purọ́ kí ojú má baà tì mí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kó gbogbo ohun tí ó kù lọ́wọ́ mi lọ bá bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ó kà á, ó pe ìyá mi, ó fún un ní apá kan, ó sì na ìyókù padà sí mi. Ó ní, “Mú èyí. Bí mo bá gba gbogbo rẹ̀, agbowó-òde ni o ó máa pè mí nínú ọkàn rẹ.” Láti oṣù náà ni a ti fi ẹnu kò lórí iye kan, ilé wa sì tòrò.

Láti inú èyí ni mo ti fẹ́ fi ìmọ̀ràn mẹ́ta lélẹ̀.

Èkíní, kí a sọ ọ́ jáde. Ní oṣù tí ọmọ bá kọ́kọ́ gbowó, kí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó, kí wọ́n ka ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde, kí wọ́n sì fi ẹnu kò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró kí a tó béèrè. Òbí tí ó mọ iyì ara rẹ̀ kì í béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi Ọlọ́run ṣe àwáwí. Mo jẹ́ àlùfáà, mo sì mọ rírì ọrẹ. Ṣùgbọ́n Olúwa wa bá àwọn tí ń fi ọrẹ tẹ́ḿpìlì bo ojú kí wọ́n má baà tọ́jú òbí wọn wí.

Èkejì, kí a má pè é ní owó ilé. Ayálégbé ni ń san owó ilé, nígbà tí ó bá sì san án tán, òun àti onílé kò jẹ ara wọn ní nǹkan kan mọ́. Ti ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ kan lé owó rẹ̀ lórí: owó iná, tàbí gàrí, tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò, kí ó lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú. Ẹ sì ka iṣẹ́ ara mọ́ ọn. Ọmọ tí kò tíì ríṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ń pọnmi, tí ó sì ń kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ níwèé, ó ń mú nǹkan wá. Ọmọbìnrin tí ń dáná fún gbogbo ilé, tí ó tún ń tọ́jú ìyá àgbà, kí a má ṣe gbà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àgbà má ṣe jẹ irúgbìn. Ẹ̀yin Olóyè mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fò mí bí mo bá ṣì í sọ: owó tí ọmọ mú wá fún oúnjẹ kì í ṣe owó aṣọ ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó àríyá. Àwọn bàbá wa fi ilẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi í sílẹ̀, kí ó lè kó ilé tirẹ̀ jọ. Bí ọmọdé bá sì mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Ẹni tí ó ti wẹ ọwọ́ rẹ̀, kí a má lé e kúrò nídìí àwo nígbà tí a bá ń gbìmọ̀ ilé.

Ní ilẹ̀ Singapore, wọ́n ṣe òfin ní 1995 pé òbí tí ó ti pé ọmọ 60 ọdún, tí kò lè bọ́ ara rẹ̀, lè pe ọmọ rẹ̀ wá gba ìdájọ́ kí ó máa tọ́jú òun. India ṣe irú rẹ̀ ní 2007. N kò bú wọn. Ṣùgbọ́n adájọ́ lè gba owó lọ́wọ́ ọmọ, kò lè gba ọ̀yàyà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ wa tó dé kóòtù, ẹ jẹ́ kí a bá a parí ní ìyẹ̀wù.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó gbó, kò ní ọmú tí ẹnikẹ́ni yóò mu. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dé agbo-ilé yín, láti Agodi títí dé Ọjà’ba àti Beyerúnkà, kí ìyá kankan má baà tún purọ́ fún ẹlẹ́gàrí nítorí ọmọ tí ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.