Ojú Inú Ni Ó Ń Kọ́kọ́ Tu Ọkọ̀



Kò sí ọmọ Mahintedo tí ó dàgbà sórí omi tí kò mọ iṣẹ́ ojú inú, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí yóò pè é. Kí atukọ̀ tó kúrò ní èbúté lóru, ó ti tu ọkọ̀ náà dé ibi tí ó ń lọ nínú ọkàn rẹ̀: ibi tí odò ti yà, ibi tí igi wó sí lábẹ́ omi, ibi tí ó ti yẹ kí ó dẹ ọwọ́ àjẹ̀. Nítorí náà ni òkùnkùn kì í fi í dẹ́rù bà á.

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ máa lo ojú inú bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èbúté nìkan ni ọ̀pọ̀ ń rí. Ẹni tí yóò jókòó ìdánwò JAMB á dùbúlẹ̀ sórí ẹní, á máa wo ara rẹ̀ nínú aṣọ ìgboyè, á máa wo àwọn ẹbí bí wọ́n ti ń jó. Ìwé tí ó yẹ kí ó kà ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ṣí i. Ó ti jẹ adùn iṣẹ́ tí kò tíì ṣe.

Lien Pham àti Shelley Taylor, onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Los Angeles, dán ọ̀rọ̀ yìí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fojú inú wo máàkì ńlá tí wọn yóò gbà, kí àwọn mìíràn sì máa wo ara wọn níbi tí wọ́n ti ń kàwé. Ẹ̀rù ìdánwò dínkù lọ́kàn àwọn tí ó wo ìwé kíkà, máàkì wọn sì ga ju ti àwọn tí ó wo èrè nìkan lọ.

Ẹ wo Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò tí ó ṣe àbẹ̀wò sí Nàìjíríà ní 1964. Nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ Cassius Clay, a máa sọ ráúǹdù tí alátakò yóò ṣubú. Ní 1962, ó ní Archie Moore kò ní kọjá ráúǹdù kẹrin. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ní 1963, ó sọ irú rẹ̀ nípa Doug Jones, ó kùnà. Ráúǹdù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n jà kí ó tó fi máàkì borí. Agbára tí ó ti kó sára níbi ìdánrawò ni ó gbà á lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ bá kírun Ṣùbúhì tán, kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. (Kí ó má ṣe dùbúlẹ̀, oorun kì í ṣe ojú inú.) Kí ó wo tábìlì tí yóò ti kàwé lónìí, ìṣirò tí ó ń dà á láàmú, ọ̀rẹ́ tí yóò wá pè é jáde àti èsì tí yóò fún un. Kí ó wo ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò ti fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì, kí ó sì wo bí yóò ṣe tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó dìde, kí ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé tí ìṣirò náà wà.