Ẹ̀rọ Tí Ń Gbọ́ Ọkàn Aláboyún: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Níbi Ìpàdé, Agodi

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera, mi ò ní pẹ́.

Bí ọmọ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí mímí ń nira fún un, tí kò lè dùbúlẹ̀ sùn àfi kó ti ìrọ̀rí méjì mẹ́ta sẹ́yìn, kí la máa ń wí? A ó ní àárẹ̀ ìbímọ ni, yóò lọ. A ó gbé àgbo kaná. Ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ṣe yẹ mọ́. Ìparí oyún ni àìsàn yìí máa ń dé, tàbí láàrin oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá lókè Ọya, ju ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ. Oògùn rẹ̀ wà tí wọ́n bá tètè rí i.

Rírí i ló le. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọkàn wọ́n, dókítà ọkàn ò sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí Dókítà Demilade Adedinsewo (orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá) ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn dókítà wa nílé, fi gbé ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní AI lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni mẹ́fà ní Nàìjíríà. Ó jọ èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gbọ́ àyà. Wọ́n á gbé e lé obìnrin náà láyà, ìró ọkàn rẹ̀ á wọ inú fóònù. Wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ ọkàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kọ́ kọ̀ǹpútà yìí, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọjà títí yóò fi mọ iṣu tó ti bàjẹ́ nínú.

Ọdún 2024 ni èsì rẹ̀ jáde. Nínú obìnrin 587 tí wọ́n fi ẹ̀rọ yìí wò, wọ́n rí 24 tí ọkàn wọn ò lágbára. Nínú 608 tí wọ́n tọ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀, 12 péré ni wọ́n rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ owó kà, ẹ ṣírò ẹ̀.

Ẹ̀rọ kì í ṣe Ọlọ́run ṣá o. Ó lè ní àìsàn wà níbi tí kò sí, ó sì lè fo èyí tó wà dá. Dókítà ló máa ya àwòrán ọkàn kó tó fúnni lóògùn. Ó tún ń fẹ́ iná. UCH tó wà nítòsí wa yìí, wọ́n gé iná wọn nítorí gbèsè láti oṣù kẹwàá 2024 wọ 2025, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́! Ta ló fẹ́ ṣa fóònù nínú òkùnkùn?

Kò tíì dé gbogbo ibi, ẹ má lọ máa bá nọ́ọ̀sì jà pé ẹ̀rọ dà. Ṣùgbọ́n bó tiẹ̀ dé, nọ́ọ̀sì ò lè gbé e lé àyà ẹni tó jókòó sí ìsọ̀. Ẹ sọ fún wọn níbi ìtọ́jú pé ẹsẹ̀ ń wú, pé mímí ń nira, kí wọ́n yẹ ọkàn wò. Ẹni tí ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó ń rí àmì yìí, kó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé, a ó wá ẹni tí yóò bá a dúró ti ọjà. Èyí tí mímí ń nira fún lónìí, kó má dúró dè mí, ilé ìwòsàn ni kó kọrí sí báyìí.