Iná Pupa fún Awọ Ara

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀rọ iná pupa tí wọ́n ní ó ń tún awọ ara ṣe, ìpolówó rẹ̀ ti gba orí fóònù báyìí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ páálí ẹ̀rọ náà wò: ṣé wọ́n kọ ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀? Nánómítà 630 sí 660 ni wọ́n sábà ń lò fún ojú awọ. Èyí tí kò kọ nǹkan kan, gílóòbù pupa lásán ni, lójú tèmi. Awọ dúdú máa ń tètè fara gbá iná yìí, ó sì lè ṣú sí i. Nítorí náà, ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ìpara bóra ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ní ilé ìwòsàn OOUTH, Ṣàgámù, tàbí ní ilé ìwòsàn Babcock, Ìlíṣàn.