Orúkọ Ìlú tí a Rù Wá sí Abẹ́ Olúmọ

Bí a bá bi ọmọ Ẹ̀gbá léèrè ìlú rẹ̀, kò yẹ kí ó wí pé Abẹ́òkúta, kí ó sì dákẹ́. Ní ọdún 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn baba wa wá sí abẹ́ Olúmọ, ogun ti tú ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Ilé ti jóná, oko ti di ìgbòrò. Orúkọ ìlú nìkan ni wọn kò jẹ́ fi sílẹ̀. Aké tẹ̀dó, Aké ni ó ń jẹ́. Kẹ́mta ń jẹ́ Kẹ́mta, Ìjẹùn ń jẹ́ Ìjẹùn, olúkúlùkù pẹ̀lú ìjòyè àti Ògbóni tirẹ̀. Àwọn Òwu tí wọ́n dé lẹ́yìn pàápàá kò sọ tiwọn nù. Ṣùgbọ́n àpáta kan náà tí gbogbo wọn sá sí abẹ́ rẹ̀ ni ó sọ wọ́n di ọmọ ìlú kan.

Lóde òní, ọmọ wa tí a bí sí Èkó mọ Olúmọ nínú àwòrán. Kò mọ agbo ilé baba rẹ̀ ní Kẹ́mta. A kò lè bá ọmọ náà wí. Àwa ni a ń lọ sí ilé kìkì nígbà ìsìnkú, tí a sì ń padà kí ilẹ̀ tó ṣú, láìfà á lọ́wọ́ dé ojúde baba ńlá rẹ̀.