Ta Ló Máa Kọ́ Ọmọ Yín Lọ́rọ̀ Owó?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, ẹ má wo ojú mi. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà níbí bíi tèmi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tọ́mọ, ọ̀rọ̀ yín lọ̀rọ̀ òní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 17, gba owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó pè mí lórí fóònù, inú ń bí i. "Àǹtí mi, wọ́n ti yọ owó mi!" Mo ní kó ka ìwé owó iṣẹ́ náà sí mi létí. $400 ló ṣiṣẹ́ fún. $24.80 ti lọ sí Social Security, $5.80 lọ sí Medicare. Illinois mú tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ náà mú tirẹ̀. Mo bi í pé, "Ìwé W-4 tó o buwọ́ lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́, ṣé o kà á?" Ó ní, "Ìwé wo nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́, torí mo rántí ara mi.

Ní 2007, ọmọ ọdún 18 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Wọ́n gbé tábìlì kan sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ: fọwọ́ síwèé credit card, ìyẹn káàdì àwìn, kó o gba T-shirt lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gba T-shirt. Kí n tó wọ ọdún kẹta, gbèsè mi ti lé ní $3,000. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó: $60 ni èlé oṣù kan. $75 ni mò ń san lóṣù. Ìyẹn ni pé $15 péré ló ń kan gbèsè náà gan-an. Mò ń sanwó, mò ń sanwó, gbèsè ò sún kúrò lójú kan.

Òfin kan wà báyìí, Obama ló fọwọ́ sí i ní 2009. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 kò lè gba irú káàdì bẹ́ẹ̀ àfi tó bá fi hàn pé òun ní owó tó ń wọlé, tàbí tí àgbà kan bá dúró fún un. Wọn ò sì gbọdọ̀ fi T-shirt tan ọmọ mọ́ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tó bá pé 21, ta ló máa dúró tì í?

Ohun tó dùn mí jù rèé. Lákòókò yẹn gan-an, nínú ilé wa ní Rogers Park, màmá mi ni olórí èsúsú. Obìnrin mẹ́wàá, $200 lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹnì kan á kó $2,000. Nọ́tíbúùkù pupa kan ló ń kọ ọ́ sí. Ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò jẹ gbèsè sí i. Ìyá Ìbejì fi tirẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àmọ́ bí mo bá gbé malt wọlé fún wọn, gbogbo wọn á rẹ ohùn sílẹ̀. Màmá mi á ní, "Lọ kàwé ẹ. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ lọ̀rọ̀ ọmọdé."

Ọjọ́ tí lẹ́tà báńkì bọ́ sí i lọ́wọ́, mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó, ó ní, "Èlé mélòó?" Mi ò mọ̀. Ó yí àpò lẹ́tà padà, ó ṣírò ó sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ó wo iye tó kọ, ó wò mí. Ó ní, "Lábẹ́ òrùlé mi níbí?"

Ó fi mí sínú èsúsú. Ẹni kẹwàá ló fi mí ṣe, torí ẹni tuntun kì í kó ṣáájú. Mò ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìparí ọ̀sẹ̀, owó ń wọlé, $200 ń jáde. Lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ mo kó $2,000, mo da gbogbo rẹ̀ sórí gbèsè náà. Èlé tó jẹ́ $60 wálẹ̀ sí nǹkan bíi $20.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Rogers Park àti Evanston, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Ní Evanston, ní yunifásítì Northwestern, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà nígbà kan tó ń jẹ́ William Bascom, tó ti lọ gbé ní Ilé-Ifẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwa Yorùbá. Ní 1952, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí èsúsú nìkan. Òyìnbó ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí màmá mi. Èmi tí mò ń gbé malt wọlé fún wọn ni mi ò mọ̀ ọ́n.

Mi ò sọ pé èsúsú ló parí gbogbo ẹ̀ o. Èsúsú irú ti màmá mi kì í wọnú credit score. Láti 300 dé 850 ni FICO, ohun tó sì wúwo jù nínú rẹ̀, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ni bóyá ẹ ń san gbèsè yín lásìkò. Onílé tí ẹ fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní pe Ìyá Ìbejì. Bí ẹnì kan bá sì kó èsúsú sá lọ, ìjọba kò ní dá a padà fún yín bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo owó inú báńkì. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì.

Iṣẹ́ náà ńkọ́? Níbi iṣẹ́ mi, mo máa ń tọ́ àwọn tuntun sọ́nà. Mo ti rí ọmọ wa tó wá wáṣẹ́, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, tó kàn ń wolẹ̀ ṣáá. Nílé, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Lójú ọ̀gá Amẹ́ríkà, ó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọmọ náà pé ibi méjì ni.

Àwọn òbí kan á ní, "Ọmọ mi ò ní ṣiṣẹ́, ìwé ni kó kà." Ètò One Summer Chicago máa ń fún àwọn ọmọ ọdún 14 sí 24 níṣẹ́ lásìkò ooru. Ní 2012, ọ̀dọ́ 1,634 láti ilé ẹ̀kọ́ 13 tí ìwà ipá ti pọ̀ ló forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì fi ìbò yan àwọn tó máa ríṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe. Olùwádìí kan, Sara Heller, tọpa wọn fún oṣù 16. Iye ìgbà tí ọlọ́pàá mú àwọn tó ríṣẹ́ nítorí ìwà ipá fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò rí i. Ìwé ìròyìn Science gbé e jáde ní 2014. Kì í sì í ṣe owó nìkan ni wọ́n fún wọn: àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Àgbà yẹn ni mò ń wá nínú ilé wa.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín jókòó. Ẹ fi bíìlì iná hàn án, iye tó wà lórí rẹ̀ gan-an. Tó bá gba owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ sọ gbèsè tí ẹ̀yin náà ti jẹ rí fún un. Kò ní tìtorí ẹ̀ fojú di yín. Àwọn àgbà ló ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ní tèmi, mo ti kó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́rin jọ: $20 lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹnì kan á kó $100. Màmá mi ló ń kọ ọ́ sínú nọ́tíbúùkù. Ọmọkùnrin náà ní òun fẹ́ kó ṣáájú. Màmá ní ẹni karùn-ún ni.

Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi: ta ló kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ owó? Ó dìgbà kan ná. Ẹ jẹ́ n lọ sùn.