Ilé Ẹ̀fọ́ ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún, ní Àsin-Èkìtì)

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí a sọ lónìí kò ju ọ̀rọ̀ ìdì ẹ̀fọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìdáná kan ní Àsin tí kò kàn.

Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀ràn ẹ̀fọ́ ti rí ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù Òkúdù, nígbà tí òjò ń rọ̀, tẹ̀tẹ̀ a máa hù lórí ààtàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù Bélú, tí ọyẹ́ sì dé, ẹ̀fọ́ a di ọ̀wọ́n títí òjò yóò fi padà ní oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹni tí ó lówó a rà á. Ẹni tí kò ní a fi ọbẹ̀ ata lásán jẹ iyán. Àwọn tí ọ̀ràn yìí ń pa lára jù ni àwọn ìyá wa àgbà àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn gan-an tí ara wọn ń fẹ́ ẹ̀fọ́ jù.

Nítorí èyí ni àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n wà ní ìlú Òyìnbó ṣe ń bi wá léèrè bóyá kí wọ́n fi ilé onídígí ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí àwọn fi ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata lẹ́yìn ilé wọn níbẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ilé náà wà fún. Dígí a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, a sì máa dí ooru mọ́ inú ilé kí ó má baà jáde. Ní Kew, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ilé onídígí ńlá kan wà tí wọ́n parí ní ọdún 1848, kí ọ̀pẹ àti àwọn igi ilẹ̀ olóoru lè yè nínú òtútù ibẹ̀. Ooru ni àwọn ará ibẹ̀ ń wá. Àwa kò wá ooru. Ooru ni ó ń lé wa kiri.

Owó wa ni a fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Àwa márùn-ún dá owó jọ, a ra ilé kan tí a ti ṣe tán lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ọ̀rá ni ó bò ó láti òkè dé ilẹ̀. A gbin tòmátì sínú rẹ̀. Ó dàgbà, ó yọ òdòdó, inú wa sì dùn. Nígbà tí ó di oṣù Èrèlé, gbogbo òdòdó náà rẹ̀ dànù, a kò sì rí èso tí ó kún igbá kan. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òdòdó tòmátì kò lè di èso. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́, ẹ fi etí kọ́gbọ́n. Ẹ má fi owó kọ́ ọ bí tiwa.

Ohun tí ó yẹ wá ni ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Òrùlé rẹ̀ yóò gba ọ̀wààrà òjò dúró, àwọ̀n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì lé kòkòrò, ewúrẹ́ àti adìyẹ sẹ́yìn. Èyí tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, tí ó fẹ̀ ní 10, tó fún agbo ilé kan. Ọparun ni kí a fi ṣe òpó, kí a sì fi iná jó ìdí rẹ̀ díẹ̀ nítorí ikán. Kí a fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bo òkè. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí a ṣe fún iṣẹ́ àgbẹ̀, nítorí oòrùn yóò fa ọ̀rá lásán ya kí ọdún tó yí. Kí a fi àyè sílẹ̀ ní góńgó òrùlé kí ooru lè jáde, kí a sì fi àwọ̀n bo àyè náà. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ni kí a fi yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìjọba pín ṣe é: oògùn wà lára rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni ó yẹ kí ọmọ àti aboyún máa sùn.

Àwọ̀n yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1916, a kò gbọ́ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, àfòpiná kékeré kan tí a ń pè ní Tuta absoluta, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣẹ̀ wá, run oko tòmátì ní Kàdúná àti àwọn ìpínlẹ̀ òkè ọya mìíràn. Ìjọba Kàdúná kéde pé ọ̀ràn náà di pàjáwìrì, tòmátì sì gbówó lórí dé ọjà tiwa. Abo rẹ̀ kan lè yé ẹyin bí 250, inú ewé sì ni ìdin rẹ̀ ń gbé, tí oògùn kì í fi í tètè bá a. Dídènà rẹ̀ sàn ju lílé e lọ. Bí àwọ̀n bá wà, a kò ní máa fọ́n oògùn kòkòrò sórí ewé tí a óò sè jẹ ní ọ̀la.

Ní ti ilẹ̀, kí a po ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa mọ́ ewé jíjẹrà. Èyí tí ó tutù yóò jó gbòǹgbò. Tẹ̀tẹ̀ a máa tó já láàrin ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Irúgbìn ewédú a máa sùn pẹ́. Kí a dì í sínú aṣọ, kí a rì í bọ omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kí a sì fi omi tútù rẹ̀ ẹ́ kí a tó gbìn ín. Tòmátì, ata àti ikàn jẹ́ mọ̀lẹ́bí kan, àrùn kan náà ni ó ń pa wọ́n. Nítorí náà kí a má ṣe gbìn wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí ebè kan. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kò pọ̀ nínú ilé àwọ̀n, kí a máa gbọn igi tòmátì jẹ́jẹ́ láàárọ̀ nígbà tí ó bá yọ òdòdó. Ìta ni kí elégédé wà, nítorí oyin ni ó ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Omi ni olórí gbogbo rẹ̀. Bí òjò tí ó ga ní mìlímítà 10 péré bá rọ̀ sórí òrùlé tí a wí yìí, omi tí yóò ṣàn kúrò lórí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́fà. Kí a gbé ìkòkò tàbí dúrọ́ọ̀mù sí ẹsẹ̀ òrùlé, kí a sì dé e nítorí ẹ̀fọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí ike omi, kí a rì í mọ́lẹ̀ lẹ́bàá igi, kí omi máa rọra kán sí gbòǹgbò.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí ẹ̀yin ará ìdálẹ̀ má ṣe fi ilé onídígí ránṣẹ́. Dípò èyí, kí ẹgbẹ́ fi nínú owó ọdún yìí ra ọ̀rá àti àwọ̀n pọ̀, kí a kọ́kọ́ fún àwọn ìyá opó ìlú wa, kí àwọn ọ̀dọ́ sì bá wọn gé ọparun, kí wọ́n sì bá wọn nàró ilé náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀yẹ́ wà nítòsí wa ní Ìkọ̀lé. Kí a rán ènìyàn lọ bi wọ́n léèrè nípa irúgbìn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ilé mẹ́wàá bá ní ẹ̀fọ́ ní oṣù Èrèlé tí ń bọ̀, ìlú yóò mọ̀ pé ẹgbẹ́ wà.

Àsin yóò máa gbèrú o.