Ta Ló Ń Fún Ìyá Ọlọ́jà Ní Owó Ìfẹ̀yìntì?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ìrántí ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ wa)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó àti ọjọ́ ogbó. N kò ní pẹ́, torí òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù ti ń ta sí wa nímú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ọjọ́ tó máa fẹ̀yìn tì. Bó bá pé ọmọ 60 ọdún, tàbí tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á fún un ní lẹ́tà. Ta ló ń fún elépo ní lẹ́tà? Orúnkún ló ń kọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń buwọ́ lù ú. Ọjọ́ tí kò bá lè wọ ọkọ̀ lọ ra ọjà mọ́, ó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, bó ti múra o, bí kò múra o.

Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sọ pé, "Owó mi ni ọjà mi." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ṣáà mọ bó ṣe ń lọ. Àìsàn dé, ọmọ wá ń bá ìyá jókòó ti ìsọ̀. Ó ta àpò gàrí kan, wọ́n fi ra oògùn, wọn ò ra òmíràn dípò rẹ̀. Kó tó tó oṣù mẹ́ta, ìsọ̀ ti ṣófo. Ẹni tó ń ta gàrí fún gbogbo àdúgbò wá ń ra gàrí ní kọ́ńgò. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe onínàákúnàá. Àpò owó kan ṣoṣo ló ní, àpò ọjà.

Àpò kejì ni mo wá bẹ̀ yín fún lónìí, èyí tí ọjà kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Kò sí ohun tó burú nínú àjọ o. Ẹni tó ń dá 500 náírà lójúmọ́, ní oṣù ọlọ́jọ́ 31, 15,500 ló dá. Alájọ mú ti ọjọ́ kan, ó ku 15,000. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti parí, inú ọjà ló ń padà sí. Ẹ jẹ́ ká wá ya 500 mìíràn sọ́tọ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Lọ́dún kan, ó di 156,000. Lọ́dún mẹ́wàá, 1,560,000, láìtíì ka èlé.

Mo gbọ́ ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ ń rò pé kí ni owó yẹn máa rà nígbà náà. Ìbéèrè gidi ni, gbogbo wa la rí ohun tí ojú náírà rí láti ọdún 2023. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó kó owó pamọ́ sílé kò ní gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 yẹn, nígbà tí wọ́n ní owó àtijọ́ kò ní ná mọ́, tí a ń tò ní báńkì látàárọ̀.

Ẹ fi díẹ̀ síbí, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Láti ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta bọ́ǹdì fún mẹ̀kúnnù, láti 5,000 náírà, tí wọ́n ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, wọ́n tún ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì fún aránṣọ, alápatà àti ọlọ́jà, lábẹ́ àjọ PenCom. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, nínú 100 náírà tí èèyàn bá san, ó lè yọ 40 bí ìnira bá dé, 60 á dúró de ogbó. Wọ́n ti ṣàtúnṣe sí ètò náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, torí náà ẹ béèrè bó ṣe rí báyìí kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Èmi fẹ́ràn 60 yẹn gan-an. Bí àbúrò ọkọ bá wá yáwó, ẹ ó ní òfin ò gbà.

Ẹni tó bá ní òun á sọ 100,000 yín di 130,000 lóṣù kan, ẹ sá. MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn lóṣù kejìlá ọdún 2016. CBEX ṣe bẹ́ẹ̀ náà lóṣù kẹrin ọdún 2025.

Àwọn kan á ní, "Ọmọ mi ni owó ìfẹ̀yìntì mi." Ọmọ á ṣe é, lágbára Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n òun náà ń san owó ilé, ó ń san owó iléèwé. Ó dùn kí ìyá gba owó ọmọ láti fi ra aṣọ, ju kó máa pè é lóru pé oògùn ti tán.

Nípa ti ara, ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ìsọ̀ ò ní ṣí. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kódà bí nǹkan kan ò ṣe yín.

Ó ku ẹyọ kan. Orúkọ ta ló wà nínú ìwé yín pé kó gba owó náà bí ọlọ́jọ́ bá dé? Àwọn kan kọ orúkọ ẹni tó ti kú. Àwọn mìíràn ò kọ nǹkan kan rárá. Akápò wà lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú rẹ́jísítà. Ẹ yẹ tiyín wò kí ẹ tó lọ gba oúnjẹ.